Eyín Irin àti Ohun Tí A Kò Mọ̀

Ilé wa, Ṣakí,
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Rukayat, Àṣàbí mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní kí n kà á sókè, mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Nígbà tí mo fi máa kà á lẹ́ẹ̀kẹta, òun gan-an ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí n tó dé ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Alihamudulilai. Ọmọ tí mo bí sí Ṣakí ló ń jókòó nídìí tábìlì ìyàwòrán ẹ̀rọ ní Kàdúná yìí! Kí lèèyàn ì bá fi dúpẹ́?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí n kò lè fò kọjá. O ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún ọ ni pé kí o ya jíà ẹ̀rọ tí yóò máa bó ẹ̀pà, pé ọ̀gá rẹ fẹ́ kó fúyẹ́, ó sì fẹ́ kó yá. O wá kọ ọ́ pé: “Bàbá, ìwé sọ bí irin ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n n kò mọ àgbẹ̀ tó máa lò ó, n kò mọ irú ẹ̀pà tó máa dà sí i, n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á rántí fi gíríìsì sí i. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó tó?”

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Mo ti ń fá irin fún ọdún mélòó kan kí n tó bi ara mi ní irú rẹ̀, ẹnì kan sì ti fara pa kí n tó bi í. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ lẹ́tà gígùn yìí. O mọ ẹ̀rọ òrí tó wà ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Láti kékeré lo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí rẹ̀. Apá tó ṣáájú ọpẹ́ yẹn ni n kò sọ fún ọ rí, nítorí ojú ń tì mí. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹni tó bá wá fi koríko bo kòtò náà mọ́lẹ̀ ńkọ́? Gbọ́ ọ.

O ṣì kéré nígbà náà, eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Kò tíì pẹ́ tí mo dé láti Ìbàdàn níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́, mo ra ẹ̀rọ ìfárin àlòkù, ìyẹn léètì tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì rò pé kò sí irin tí n kò lè bá wí. Àwọn obìnrin kan wá bá mi láti Àgọ́-Àmọ̀dù. Ìyá Mọ̀nsúrá ni olórí wọn. Iṣẹ́ òrí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á yan kóró òrí, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi apá pò ó pẹ̀lú omi nínú ọpọ́n ńlá títí òrí yóò fi yapa, tí yóò funfun. Iṣẹ́ apá ni. Ó ń mú kí èjìká wú.

Ìyá Mọ̀nsúrá ní: “Láàmídì, wọ́n ní o mọ irin í fá. Ṣé irin kò lè bá wa po òrí ni?”

Mo ní: “Ìyá, ìyẹn ò tó nǹkan.”

Ìwọ tí o kàwé, ó yé ọ. Ẹ́ńjìnnì ń sáré, òrí sì ń fẹ́ kí a rọra pò ó. Jíà ló máa wà láàárín wọn, eyín ọ̀kan á wọ àárín eyín èkejì: kékeré ń yí ńlá, ńlá ń yí apá irin tí ń po òrí nínú ọpọ́n. Mo lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà ooru, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo yá ìwọ̀n ẹlẹ́nu ìkọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra òwú, mo so ó mọ́ igi kan tí mo tì bọ inú òrí, mo fà á, mo ka iye tó fà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi díẹ̀ lé e, mo ní ó ti tó. Irin tí mo fi gé jíà náà jẹ́ ọ̀pá ìdí lọ́rì kan tó bàjẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Mo fi òòlù gbá a, ó dún gan-an, mo ní irin gidi nìyí.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ nígbà ooru, ó ṣiṣẹ́ nígbà òjò. Bí mo bá gba Àgọ́-Àmọ̀dù kọjá, “Ẹnjiníà” ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. 

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òrí ti dì nínú ọpọ́n bí amọ̀ tí a fi ń mọlé. Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì, Ìyá Mọ̀nsúrá sì fi igi pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ máa ha etí ọpọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Eyín jíà kan kán. Eyín tó kán há sáàárín àwọn tó kù, apá irin dúró gbọnin, ó ta padà, ó sì gbá Ìyá Mọ̀nsúrá lọ́rùn ọwọ́. Egungun ọwọ́ rẹ̀ kán.

Alálùpùpù kan ló wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Rukayat, gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Mo ní: “Kí ni wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ náà?” N kò tíì béèrè bí obìnrin náà ṣe wà. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, má jẹ́ kó bọ́ lọ́kàn rẹ. Bí ohun tí o yà bá kán, ènìyàn ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Irin á dúró dè ọ́.

Ìkejì, má sá. Èmi sá. Dípò kí n kọrí sí Àgọ́-Àmọ̀dù, Òkakà ni mo gbà lọ, sí oko àbúrò ìyá mi, mo ní mo fẹ́ bá wọn wa iṣu. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wa iṣu oníṣu. Lọ́jọ́ kẹrin ni mo rí ìyá rẹ tó ń bọ̀ láàárín ebè, eruku bò ó, ó di ọ́ lọ́wọ́ mú. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní: “Bàbá Ruka, iṣu yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbìn ín?”

Mo ní rárá.

Ó ní: “Ẹni tó gbìn ín á wa á. Ẹ̀yin, ẹ lọ wa èyí tí ẹ gbìn.”

Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní ọkọ, kó jẹ́ ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ lójú oko, tí kò ní rò ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ. Títí di òní, ìyá rẹ kò rò ó. Èmi ni mò ń rò ó yìí.

Mo lọ. Mo bá Ìyá Mọ̀nsúrá lórí ẹní, àwọn tó ń to egungun ti fi ọ̀pá ọparun di ọwọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ojú ọ̀nà: màá ní wọ́n rọ òrí tó ti dì sí i, màá ní n kò sọ fún wọn pé kí wọ́n lò ó nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó lanu, ó na ọwọ́ rẹ̀ kejì tí kò kán, ó sì fi nǹkan sí mi lọ́wọ́. Eyín jíà tó kán ni.

Ó ní: “Mo ṣà á pamọ́ fún ọ. Mo rò pé wàá fẹ́ bi í léèrè.”

Mo gbé e síta sínú oòrùn, mo wò ó. Ojú ibi tó ti kán jẹ́ oríṣi méjì. Apá kékeré kan ń dán, ó rí wúruwùru: ìyẹn ni èyí tó kán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù ti dúdú, ó jọ̀lọ̀, ọ́ìlì àti ìpẹtà ti wọ inú rẹ̀. Àbí o rí i? Eyín náà ti ń kán láti ìgbà òjò. Sísán kékeré kan tó tín-ín-rín bí irun wà lára irin tí mo gé, gbogbo ìgbà tí jíà sì ń yí ni sísán náà ń gùn sí i, títí tó fi ku bíńtín tó dì í mú. Ọyẹ́ kọ́ ló kán an. Ọyẹ́ kàn parí rẹ̀ ni.

Kò sí ẹlòmíràn ní agbo ilé yẹn tó lè ka ojú irin. Bí mo bá ní òrí tó dì ló fà á, wọ́n á gbà. Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kí n má parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ṣì wà létí mi. Mo padà wọlé, mo ní: “Ìyá, ẹ̀yin kọ́ o. Àbùkù wà lára irin tí mo lò, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò béèrè bí òrí ṣe ń rí nígbà ọyẹ́. Ẹ̀bi mi ni.”

Ó ní: “O ṣé tó o sọ ọ́. Ká ní o di ẹ̀bi náà ru òrí wa ni, ǹ bá ní kó o tú irin rẹ kó o máa gbé e lọ. Ó dáa. O po òrí rí?”

“Rárá, Ìyá.”

“O sì ṣe ẹ̀rọ tó ń po òrí. Jókòó. Ọwọ́ tèmi ò lè pò ó mọ́ fún ìgbà díẹ̀, tìrẹ ló máa pò ó.”

Àṣàbí, ibẹ̀ ni ilé ìwé mi tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọyẹ́ ọdún náà títí dé ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń lọ fi apá mi po òrí láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí tó fi sú wọn. Ìyá Mọ̀nsúrá jókòó tì mí, ó ń sọ fún mi: kóró tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í pò bí tuntun, èyí tí iná jó jù máa ń wúwo, bí ẹnì kan bá bu omi tútù sí i kí àkókò tó tó, yóò dì lójijì, bí ọjọ́ ọjà bá sì ti sún mọ́, kò sí ẹni tí kì í rọ ọ́ kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀n ẹlẹ́nu ìkọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ iye tó ń fà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ kan tí o ti lò tán, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Kò sí ọjọ́ méjì tó bára mu. Èyí tó ga jù lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye kan ṣoṣo tí mo kọ lọ́jọ́ ooru yẹn.

Nítorí náà, bí o bá bi mí báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó tó, ìdáhùn mi ni pé a kì í mọ̀ ọ́n tán. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a mọ bí àìmọ̀ wa ṣe tóbi tó, kí a sì ṣe àyè sílẹ̀ fún un. Iye tí ìwé yín ní kí ẹ fi sọ agbára irin di púpọ̀ kí ọkàn lè balẹ̀, kò já bọ́ láti sánmà. Orúkọ mìíràn fún ohun tí a kò mọ̀ ni. Bí o bá lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, tí o fọwọ́ ara rẹ bó ẹ̀pà wọn ní tútù àti ní gbígbẹ, àti èyí tí òkúta wà nínú rẹ̀, iye náà lè dín kù. Bí o kò bá lọ, jẹ́ kó pọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe mú iye ọjọ́ kan ṣoṣo kí o pè é ní òtítọ́. Béèrè ọjọ́ tó burú jù, má béèrè ọjọ́ tó dára.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin ni, n kò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́: má fọkàn tán irin nítorí pé ó dún dáadáa. Irin méjì tó ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà wá, lọ́jọ́ kan náà, lè yàtọ̀ bí ọmọ ìyá ṣe máa ń yàtọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ra ọ̀pá irin, mo máa ń gé díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá fi iná sun ún, màá rì í bọ ọ́ìlì, màá fi òòlù kán an, màá wo inú rẹ̀. Inú irin ni ìwà rẹ̀ wà. Ìwọ ní ẹ̀rọ ìdánwò tó dára ju òòlù bàbá rẹ lọ níbẹ̀. Lò ó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sí àyè.

Má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ya àwòrán fún ọ. Ìyẹn náà ṣe mí. Jíà kejì tí mo ṣe fún wọn, ẹ̀rù ni mo fi ṣe é. Ó nípọn bí ìdí odó. Ọjọ́ tí a dè é, ẹ́ńjìnnì kérora, bẹ́líìtì ń yọ èéfín, jíà kò yí. Obìnrin mẹ́ta fi èjìká tì í, kò yí. Ìyá Mọ̀nsúrá, tí wọ́n ti tú ọparun lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: “Láàmídì, ẹ̀rù lo rọ lẹ́ẹ̀kejì yìí, kì í ṣe irin.” Mo tú u, mo gbé e padà sí Ṣakí. Ohun tó wúwo jù náà kò ṣe é gbára lé. Bí kò bá yí, kò ṣiṣẹ́.

Jíà kẹta ló dúró. Mo mú ìwé tí mo kọ iye sí, mo mú èyí tó ga jù, mo fi àyè lé e, mo sì fẹ eyín jíà náà lójú kí ẹrù lè pín. Mo fi ìdí eyín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní róbótó, nítorí kọ̀rọ̀ tó mú bí ọ̀bẹ ni sísán máa ń fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ sí. Mo wá ṣe ohun kan tó yà wọ́n lẹ́nu: láàárín jíà àti apá irin, mo fi píìnì kékeré kan so wọ́n pọ̀, irin rírọ̀ bí ìṣó ni. Mo ní: “Ìyá, èyí ni kó kán.”

Ó ní: “O tún ṣe èyí tó máa kán?”

Mo ní: “Bó bá pọndandan kí nǹkan kan kán, èmi ni kí n yan èyí tó máa kán. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, píìnì yìí á já, apá irin á dúró jẹ́ẹ́, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní sí nínú ewu.”

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, mo wà níbẹ̀. Wọ́n rọ òrí kún un nítorí ọjọ́ ọjà. Píìnì náà já, ó dún tó! Gbogbo obìnrin fò sẹ́yìn. Apá irin kò ta, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, mo fi píìnì mìíràn sí i, iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Ìyá Mọ̀nsúrá wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí kò ká dáadáa mọ́, ó wò mí, ó ní: “Ọlọ́run á fún ọ ṣe.”

Bí o bá ń ya jíà ẹ̀pà yẹn, yan ibi tó máa kọ́kọ́ já. Jẹ́ kó jẹ́ ohun kékeré tí kò wọ́n, tí àgbẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ nínú oko, kó sì jẹ́ ibi tí ara ènìyàn kì í sí. Tí ọ̀gá rẹ bá ní kó fúyẹ́, má bá a jà. Ọ̀gá ni, ó lè mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kọ ohun tí o kò mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà ní gbangba: “A kò tíì dán an wò pẹ̀lú ẹ̀pà tútù.” Tó bá ní kí o pa á rẹ́, fi ọ̀wọ̀ bi í pé: “Ọ̀gá, ṣé kí a dán an wò ni?” Abéèrè kì í ṣìnà. Bó bá sì kán lẹ́yìn tí o ti ṣe gbogbo èyí, ṣa eyín tó kán náà, kí o bi í léèrè. Má sì bẹ̀rù ohun tó máa sọ.

Ohun kan kù tó yẹ kí o mọ̀, kí o lè mọ ẹni tó yẹ kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí o ní o fẹ́ lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Pólì, èmi ni mo kọ́kọ́ ní rárá. O rò pé ìyá rẹ ló pẹ̀tù sí mi nínú. Ó gbìyànjú, n kò gbọ́. Àárín àwọn ọkùnrin lo ń lọ, ẹ̀rù rẹ bà mí. Mo rò ó fún Ìyá Mọ̀nsúrá lọ́jọ́ tí mo lọ fi gíríìsì sí ẹ̀rọ. Ó bi mí pé: “Ta ló kọ́ ìwọ ní iṣẹ́ jíà?” Mo fẹ́ dárúkọ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Ó ní: “Ṣé ọkùnrin ni mí?” Nígbà tí mo délé ni mo pè ọ́, tí mo ní kí o lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí o bá wálé, lọ kí i kí o tó kí ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí lẹ́yìn ìyá rẹ.

Mo lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti ń pariwo, kí n wá wò ó. Mo tú jíà náà kúrò, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dè é. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi ìka kà á, eyín kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pé. Wọ́n ti tín-ín-rín, ojú wọn ń dán bí ojú ọ̀bẹ tí wọ́n ti pọ́n fún ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò sí sísán lára ọ̀kankan. Ìyá Mọ̀nsúrá ti darúgbó, orí àpótí ló jókòó sí. Ó ní: “Ó ti bàjẹ́ ni?”

Mo ní: “Rárá, Ìyá. Ó gbó ni.”

Ó ní kí n gbé e wá. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa á lára, ó ní: “Ó gbó. Alihamudulilai, ó gbó.”

Rukayat ọmọ mi, àdúrà tí mo ní fún ọ kò gùn. Ohun tí o bá fọwọ́ rẹ yà, kí àwọn tí o kò mọ̀, ní ìlú tí o kò dé rí, lò ó títí tó fi gbó.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn sí ọ,
Láàmídì.